Orí Kẹfà: Ohùn Àdúgbò Lórí Àwo

Èròǹgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò;
2. sọ ìtàn ẹgbẹ́ Túndé King ti Olówógbowó, ní Èkó, láti nǹkan bí ọdún 1929 títí di ìgbà tí King bá ọkọ̀ òkun lọ;
3. ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba orin sórí àwo láyé ìgbà náà, àti ohun tí ìlànà náà ń gé kúrò lára orin;
4. fi ìtàn yìí wé ti àwọn ọ̀dọ́ akọrin Harlem ní Amẹ́ríkà àti ti Haruna Ìṣọ̀lá ní Ìjẹ̀bú-Igbó;
5. fi ẹ̀rí dáhùn ìbéèrè yìí: ta ló ni orin tó wà lórí àwo?

6.1 Kí ni ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò?

Kò sí àdúgbò kan nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ní orin tiwọn. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ kéú tó ń lu wéré jí aráàlú sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń dúró sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́rin péré tó ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ohun mẹ́ta la fi ń dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èkíní ni pé àdúgbò ló kó wọn jọ, kì í ṣe ọ̀gá kan ló gbà wọ́n síṣẹ́. Èkejì ni pé ohùn ni olórí nínú eré wọn: ẹnìkan á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é, ohun èlò wọn kò sì ní ju ohun tí agbára wọn ká lọ. Ẹ̀kẹta, tó ṣe pàtàkì jù, ni pé àwọn tó ń gbọ́ wọn mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ àwọn tí wọ́n ń kọrin nípa wọn. Bí olórin bá dárúkọ ẹnìkan, ẹni náà lè wà níjòókòó níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àna rẹ̀ á wà níbẹ̀. Orúkọ tí olórin bá pè yìí ló ń mú kí ẹni tí ó pè dìde, kí ó jó, kí ó sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Nítorí náà, orúkọ pípè yìí lẹ́wà lórin, ó sì tún ń mú owó wọlé fún ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kẹta yìí sọ́kàn. Àwo lè gba ohùn, ó lè gba ìlù, àmọ́ kò lè gba àwọn tó wà níjòókòó. Nínú orí yìí, a ó rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò tó ṣe àwo ti pàdánù gan-an nìyí: orin wọn rìn jìnnà, ṣùgbọ́n èrè orin náà kò bá wọn délé.

6.2 Olówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró

Olówógbowó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn Erékùṣù Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn Sàró kọ́lé sí nígbà tí wọ́n ti Freetown, ní Sẹ̀rà Líónì, padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí wọn tàbí àwọn baba ńlá wọn. Ọkọ̀ ẹrú ni ó kó wọn lọ, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n lójú omi, wọ́n sì já wọn sí Freetown. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n mú orúkọ òyìnbó, ìwé kíkà àti orin ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rí Macaulay, Johnson, George àti King láàárín àwọn ìdílé wọn.

Kristẹni ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ Mùsùlùmí wà láàárín wọn pẹ̀lú. Irú ìdílé Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí Abdulrafiu Babátúndé King ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ọdún 1910. Bàbá rẹ̀ ti gbé Fourah Bay ní Freetown rí, ó sì ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìlaròó, èyí tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni Túndé kà, kí ó tó lọ sí Eko Boys' High School.

Ẹ wo oríṣiríṣi ohùn tó ń wọ etí ọmọ kan ṣoṣo yìí. Ó ń gbọ́ ìpè àdúrà nílé, ó ń kọ hímù nílé ìwé, ó ń gbọ́ ìlù ìbílẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì ń gbọ́ gìtá àwọn atukọ̀ òkun ní etí omi. Kò sí èyí tí a lè yọ kúrò nínú orin tó wá kọ nígbà tó dàgbà.

6.3 Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì

Ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́ Túndé King ní gìtá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1929, ó ti ń fi orin ṣe iṣẹ́ àbọ̀, ó sì ti di ọ̀kan pàtàkì láàárín àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní òpópónà West Balogun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ẹmu, tí wọ́n ń takùrọ̀sọ, tí wọ́n sì ń kọrin. Gìtá kan, sámbà kan àti marakásì ni ohun èlò wọn nígbà náà. Sámbà jẹ́ ìlù pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀ kan. Kò wúwo, kò wọ́n, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì ń fi lù ú.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà di ẹlẹ́ni mẹ́rin. King ló ń dá orin, ó sì ń ta gìtá-báńjò olókùn mẹ́fà. Ìṣọ̀lá Caxton Martins ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lamidi George ń lu tanborín, ohun tí wọ́n wá ń pè ní jùjú. Sanya Johnson ń lu ìlù tọ́mù-tọ́mù, ó sì ń gbe King lórin. Ẹ ò rí i pé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti sọ fún wa irú àdúgbò tí wọ́n ti wá.

Báwo ni orin wọn ṣe ń dún? Ohùn òkè ni King fi ń kọrin, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò rí i lè rò pé obìnrin ni. Àṣà àwọn olórin Yorùbá ayé ìgbà náà ni èyí, nítorí ohùn òkè ló ń la ariwo agbo kọjá níbi tí kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gìtá-báńjò á kọ́kọ́ ṣí orin, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á mú ìrìn orin dúró, tanborín á máa sọ̀rọ̀ láàárín, ẹlẹ́gbè á sì máa gbe olórin lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ orin náà kún fún òwe, oríkì àti orúkọ èèyàn.

Inú pálọ̀ àwọn ọlọ́lá Èkó ni wọ́n ti ń ṣeré jù: níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé àti òkú àgbà. Lọ́yà, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò ló ń pè wọ́n. Pálọ̀ kò gba ẹgbẹ́ ńlá onífèrè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbàlejò kò fẹ́ ariwo tí yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni mẹ́rin tí ohùn wọn bára mu, tí wọ́n sì mọ ìtàn ìdílé onílé, ni wọ́n ń wá.

6.4 Bí orin ṣe di àwo

Túndé King kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí ohùn rẹ̀ wọ inú àwo. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti kọ orin tó lé ní ogójì sórí àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn ilé iṣẹ́ àwo òyìnbó rí i pé ọjà wà ní Èkó gan-an. Àwọn tó ń gba owó oṣù ti ń ra gíráámáfóònù, wọn kò sì fẹ́ orin òyìnbó nìkan. Ní ọdún 1935, ìjọba tún ṣí rédíò onítáńganran ní Èkó, èyí tó ń fi wáyà gbé ohùn lọ sí ilé àwọn tó bá san owó rẹ̀. Túndé King wà lára àwọn tí orin wọn kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ jáde.

Ní ọdún 1936, ó ṣe àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone. Jámánì ni wọ́n ti dá Parlophone sílẹ̀, àmọ́ nígbà yìí ó ti bọ́ sábẹ́ EMI, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Àwo tó lé ní ọgbọ̀n ni King ṣe fún wọn. Fún ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ohun ńlá gbáà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ láyé ìgbà náà. Wọn kì í gba ohùn gìtá lọ́tọ̀, kí wọ́n tún gba ti ẹlẹ́gbè lọ́tọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń kọ ọ́ pa pọ̀ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ohùn kan bá ń bo èkejì, ibi tí onítọ̀hún dúró sí ni wọ́n ń yí padà: ìlù á sún sẹ́yìn, olórin á sún síwájú. Abẹ́rẹ́ á máa ha ohùn náà sójú àwo ìda bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ṣi ohùn gbé, wọn kò lè yọ ibẹ̀ nìkan. Wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi àwo ìda náà ṣe màdà onírin, tí wọ́n á sì fi màdà náà tẹ àwo títà.

Oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi nílẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo títà ayé ìgbà náà. Ó dúdú, ó wúwo, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó fọ́ nìyẹn. Ìgbà 78 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì gba ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

> Wò ó fínnífínní: Orin kan fún Dókítà Sápará
>
> Lára àwọn àwo tí King ṣe ní ọdún 1936 ni èyí tó fi ṣèdárò Dókítà Ògúntọ́lá Sápará, tó kú ní ọdún 1935. Freetown ni wọ́n ti bí Sápará ní ọdún 1861. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wá bá ìjọba ṣiṣẹ́, ó sì lókìkí púpọ̀ nítorí ogun tó gbé ti àrùn ṣọ̀pọ̀ná. Ó wọ àárín àwọn aworo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà.
>
> Kò sí ẹni tó ń gbé Olówógbowó nígbà náà tí yóò béèrè pé ta ni Sápará. Bí ó bá jẹ́ níbi òkú ni ẹgbẹ́ àdúgbò ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, olórin á kọ́kọ́ sọ pé olóògbé ti lọ, á ki í, á wá yà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe ń dìde tó ni orin náà yóò ṣe gùn tó. Ó lè tó wákàtí kan. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta ojú àwo, kò sí àyè fún gbogbo ìyẹn. Ẹni tí orin náà dá lé lórí ni yóò kù, pẹ̀lú ìwọ̀nba òwe àti ègbè.
>
> Àdánù nìyẹn, àmọ́ èrè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò, tí kò dé ilé òkú náà rí, lè gbọ́ pé Èkó ń ṣọ̀fọ̀ dókítà rẹ̀. Àwo náà wá di ìwé ìtàn tí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè lò.

6.5 Òkun, ogun àti àyípadà

Ìgbà àwo ẹgbẹ́ Túndé King kò gùn rárá. Ní ọdún 1939, ó gba iṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun oníṣòwò. Ó padà sí Èkó ní ọdún 1941, ó tún lọ, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí àwọn ará Èkó kò fojú kàn án. Àwọn ìlú etí òkun tí wọ́n ti ń sọ Faransé, bíi Dakar àti Conakry, ló ti ń ṣeré kiri. Ọdún 1954 ló tó padà wálé.

Kí ló fà á tí olórin tó ṣe àwo tó lé ní ọgbọ̀n fi lọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀? Kì í ṣe pé orin rẹ̀ kò tà. Àṣà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àwo ayé ìgbà náà ni pé wọ́n á san owó kan ṣoṣo fún olórin lọ́jọ́ tó bá kọrin, ó parí. Bí àwo bá tà ní ẹgbẹ̀rún tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, owó olórin kò lé, kò dín. Òde àríyá ló ń bọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò, òde àríyá sì ń gbára lé owó ọwọ́ àwọn olùgbàlejò. Ẹni tó bá wọkọ̀ òkun, owó oṣù rẹ̀ dájú. Òun nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà yìí. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó mìíràn tó ń ta gìtá, bá ọkọ̀ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun.

Ogun tún kó bá òwò àwo fúnra rẹ̀. Ọ̀nà òkun di ewu, oje tí wọ́n fi ń ṣe àwo sì di ọ̀wọ́n, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ ogun nílò rẹ̀.

Lákòókò tí King kò sí nílé, orin tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní jùjú bíi tanborín rẹ̀, ń dàgbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àyìndé Bákàrè ti ṣe àwo tirẹ̀ fún His Master's Voice, tí a mọ̀ sí HMV, láti ọdún 1937. Ní ọdún 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ní ọdún 1949, Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Àyípadà kékeré kọ́ nìyí. Nígbà tí gìtá ti lè dún ju ìlù lọ, wọ́n lè kó ìlù púpọ̀ sí i. Nígbà tí ìlù pọ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin di ẹlẹ́ni mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Nígbà tí ẹgbẹ́ sì ti tóbi, pálọ̀ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n bọ́ sí gbangba òde. Nígbà tí King fi padà dé ní 1954, orin pálọ̀ tó fi sílẹ̀ ti di orin gbangba.

Ní ọdún 1985, ilé iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà tún kó àwọn àwo jùjú àtijọ́ jọ, ohùn King sì wà lára wọn. Bí kì í bá ṣe ti àwo, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ìbá kù nípa ẹgbẹ́ náà.

6.6 Ní òdìkejì òkun: àwọn ọ̀dọ́ Harlem

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn àwo Túndé King, irú ìtàn yìí kan náà ṣẹlẹ̀ ní New York. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ń kọ irú orin kan tí wọ́n ń pè ní doo-wop. Wọn kò ní owó ohun èlò, nítorí náà wọ́n fi ohùn ṣe ohun èlò. Olóhùn ìsàlẹ̀ á máa ṣe bíi gìtá ńlá, àwọn méjì tàbí mẹ́ta á máa gbè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, olóhùn òkè á wá gun orí wọn. Orí àtẹ̀gùn ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé àti abẹ́ ilẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá ni wọ́n ti ń kọrin, nítorí pé ògiri ibẹ̀ ń dá ohùn padà dáadáa.

Ẹgbẹ́ kan tó lókìkí nínú wọn ni The Teenagers. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n: Frankie Lymon, Herman Santiago, Jimmy Merchant, Joe Negroni àti Sherman Garnes. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, George Goldner, tó ni ilé iṣẹ́ Gee, gbé àwo wọn jáde, èyí tí wọ́n pè ní *Why Do Fools Fall in Love*. Ọmọ ọdún 13 ni Lymon tó ń dá orin náà. Àwo náà gba ipò kẹfà láàárín gbogbo orin ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1957, wọ́n yọ Lymon kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó máa dá kọrin. Kò pẹ́ tí òkìkí méjèèjì fi wọlẹ̀. Ohùn Lymon yí padà bó ṣe ń dàgbà, oògùn olóró sì mú un. Ó kú ní ọdún 1968, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 25. Orúkọ Goldner ni wọ́n kọ sára àwo pẹ̀lú ti Lymon pé àwọn ló kọ orin náà, nígbà tó sì yá, orúkọ Morris Levy, oníṣòwò àwo, rọ́pò ti Goldner. Santiago àti Merchant gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní ọdún 1992, ìdájọ́ gbè wọ́n pé àwọn ló kọ orin náà. Ní ọdún 1996, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí i padà: ó ní ọdún mẹ́ta ni òfin fún wọn láti pẹjọ́, wọ́n sì ti pẹ́ jù.

Ìyàtọ̀ wà láàárín Èkó àti Harlem, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Orin Èkó ń pe orúkọ èèyàn àti ìdílé. Ti Harlem ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè sọ di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwo Harlem fi lè ta káàkiri ayé láàárín oṣù díẹ̀. Síbẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Ẹgbẹ́ tó mú orin wá láti àdúgbò kò ní ẹ̀rọ, kò ní màdà, kò sì ní ìwé àdéhùn tó lè gbà á.

6.7 Ìjẹ̀bú-Igbó: ẹni tó dúró pẹ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n bí ní ọdún 1919, náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin tí àwọn ará ilé mọ̀. Orin àpàlà ni tirẹ̀: ohùn olórin àti ègbè ló gbé e ró, pẹ̀lú àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù. Kò lo gìtá, kò lo fèrè.

Ní ọdún 1948, ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún HMV. Ẹni tó fi orin náà yìn ni Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, orúkọ rẹ̀ ìbá wà pẹ̀lú ti àwọn tó ṣe àwo kan tàbí méjì, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. Àmọ́ Ìṣọ̀lá padà sí òde. Ó ń ṣeré láti ìlú dé ìlú, ó ń mọ àwọn ọlọ́lá, ó ń kó orúkọ wọn sórí. Nígbà tí Ọba Adéboyè wàjà, ó tún orin náà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1955, lọ́tẹ̀ yìí ó sì mú orúkọ rẹ̀ jáde. Orin tó dá lórí ọba kan náà ni, àmọ́ àwọn tó mọ olórin náà ti pọ̀ ju àwọn tó mọ̀ ọ́n ní 1948 lọ.

Ìgbésẹ̀ tó yà á sọ́tọ̀ jù lọ wáyé ní ọdún 1969. Òun àti I. K. Dáíró, ọ̀gá olórin jùjú, dá ilé iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, èyí tó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí àwọn olórin fúnra wọn ni. Àwo rẹ̀ *Oroki Social Club* ti ọdún 1971, tó fi yin ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ló gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó tún gbé ilé iṣẹ́ Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé. Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ń gbé kọjá òkun wá sí Èkó ní ayé Túndé King ti wá dúró sí ìlú olórin, olórin ló sì ni ín. Haruna Ìṣọ̀lá kú ní ọdún 1983.

6.8 Ta ló ni orin?

Òfin tó wà ní Nàìjíríà nígbà tí King kọrin ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911, èyí tí wọ́n mú wọ ibí ní ọdún 1912. Òfin náà dá ẹ̀tọ́ méjì mọ̀. Èkíní ni ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin. Èkejì ni ẹ̀tọ́ lórí àwo, ẹni tó ni màdà àkọ́kọ́ ló sì ni èyí. Kò sí ibi tí òfin náà ti fún ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí ẹni tó gbè ní ẹ̀tọ́ kankan. Bí ó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò ni, níbi tí ẹnìkan ti mú òwe wá, tí ẹlòmíràn mú ègbè wá, ta ni yóò sọ pé òun nìkan ló kọ orin?

Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1970, ó tún un ṣe ní ọdún 1988, èyí tó wà lójú iṣẹ́ báyìí sì ni ti ọdún 2022. Láti ọdún 1988 ni òfin wa ti dá ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ṣeré mọ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ lónìí ni, Martins, George àti Johnson ìbá ní ohun tí wọ́n lè dì mú níwájú adájọ́. Ẹ rántí ẹjọ́ Harlem, ṣá: ẹ̀tọ́ tí èèyàn kò tètè béèrè lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àkótán

Ẹgbẹ́ Túndé King ṣe àwo fún ìgbà díẹ̀, àwọn Teenagers náà bẹ́ẹ̀. Ìkúrú ìgbà wọn kò túmọ̀ sí pé orin wọn kò dára. Àwo gba orin lọ́wọ́ àdúgbò tó ń náwó fún un, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó fún ẹlòmíràn. Haruna Ìṣọ̀lá pẹ́ nítorí ohun méjì: kò fi òde àríyá sílẹ̀, ó sì di ẹni tó ni ilé iṣẹ́ àwo. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi pẹ́ tàbí tí kò fi pẹ́, kì í ṣe ohùn wọn nìkan ni a ó gbọ́. A gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó sanwó, ẹni tó gbowó, àti ẹni tí màdà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a fi ń dá ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò mọ̀, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan láti ìlú rẹ gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.
2. Kí ló fà á tí ohùn òkè fi wúlò fún olórin pálọ̀ ní ọdún 1930 sí 1939? Kí ló yí padà lẹ́yìn ọdún 1949?
3. Ya àtẹ kan tó fi ẹgbẹ́ Túndé King, The Teenagers àti ẹgbẹ́ Haruna Ìṣọ̀lá wéra nípa ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ohun èlò wọn, ilé iṣẹ́ àwo wọn àti ẹni tó ni màdà.
4. "Àwo ba orin àdúgbò jẹ́ ju bó ṣe tún un ṣe lọ." Ṣe àríyànjiyàn lórí èrò yìí. Lo orin Dókítà Sápará gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.
5. Bí Òfin ọdún 1988 bá ti wà ní ọdún 1936, kí ni ìbá yí padà fún ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹgbẹ́ King, kí ni kò sì ní yí padà?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín ara wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìlú kan: Abigi, Ìwópin, Ìbíadé, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò rí, ìbáà jẹ́ ti wéré, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àpàlà tàbí ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Kí ẹ kí i, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń péjọ, ẹni tó ń dá orin, iye tí wọ́n jẹ́, ohun èlò wọn, bí wọ́n ṣe ń pín owó òde, àti bóyá wọ́n ṣe àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì rí. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ béèrè ẹni tó sanwó ìgbohùnsílẹ̀ àti ẹni tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́ta, kí o sì fún àgbàlagbà náà ní ẹ̀dà kan kí o tó fi sílẹ̀ fún olùkọ́, kí ó lè tún ibi tí o bá ti ṣì í gbọ́ ṣe.